Ohùn Reuben Lábẹ́ Orin Wa

Ẹ̀rínọlá ò mọ orin kọ. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn, nítorí àwọn tó bá gbọ́ pé obìnrin kan ní sítúdíò sínú ilé rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀ máa ń rò pé olórin ni. Olórin kẹ̀? Tó bá la ẹnu ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi tí mo jókòó níwájú rẹ̀ á máa bẹ Ọlọ́run pé kí ẹsẹ orin tó kù má gùn. Ṣùgbọ́n irú etí tí Ọlọ́run fún un, kò fún ẹlòmíràn nínú ìjọ wa. Bí gbogbo wa bá ń kọrin pọ̀, tí ẹnì kan ṣìnà bíńtín, Ẹ̀rínọlá á gbé ojú sókè, á wo ẹni náà gan-an, kò sì ní sọ nǹkan kan. Ó ti wo èmi náà bẹ́ẹ̀ rí. Inú bí mi, àmọ́ èmi ni mo ṣìnà lóòótọ́.

Ọ́fíìsì àwọn tó ń bá èèyàn kó ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ní Warehouse Road, níbi tó ti ń tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àlùfáà wa ló ní kó bá òun yọ ikọ́ kúrò nínú ìwàásù kan tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ó yọ ikọ́ náà. Ó tún yọ gbogbo ibi tí àlùfáà ti pààrà ọ̀rọ̀ kan náà. Ìwàásù tó gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀ wá di kékeré, gbogbo ìjọ sì dúpẹ́, àlùfáà nìkan ni kò mọ ìdí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ yìí ti wọ Ẹ̀rínọlá lẹ́jẹ̀. Ó ra máìkì, ó ra àpótí kékeré tí wọ́n fi ń so máìkì mọ́ kọ̀ǹpútà, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ètò ìgbohùnsílẹ̀ tó máa ń to ohùn olúkúlùkù sí ìlà tirẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó yá, ó fi ọ́fíìsì sílẹ̀.

Yàrá inú ilé wọn, nítòsí Malu Road, ló sọ di sítúdíò. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ló fi bo ògiri, bùláńkẹ́ẹ̀tì ló ta sójú fèrèsé. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, nítorí kò gbà kí fáànù yí tí èèyàn bá ń kọrin. Wàhálà rẹ̀ tó ga jù ni tírélà. Tí tírélà bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ilẹ̀ á mì, máìkì á sì ti gbọ́ ọ kí etí tiwa tó gbọ́. Ẹ̀rínọlá á na ọwọ́ sókè, a ó dákẹ́. Tírélà á kọjá, Ẹ̀rínọlá á sọ ọwọ́ kalẹ̀, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń kọrin níbẹ̀, bí ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà gbígbóná.

Ọkọ rẹ̀, Reuben, ló ni ohùn. Wẹ́dà ni. Ó ń jó irin mọ́ irin níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Snake Island, á sì wọ ọkọ̀ ojú omi padà sílé ní ìrọ̀lẹ́, tòun ti ojú pípọ́n. Tẹ́nọ̀ ló ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn ńlá, ṣùgbọ́n tó o bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, o ò ní ṣì í mọ̀. Kó tó bẹ̀rẹ̀ ìlà orin kan, á kọ́kọ́ mí sínú, mímí kékeré kan, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún rò ó wò.

Nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin wa pinnu pé a fẹ́ gba orin sílẹ̀, Reuben ló kọ́kọ́ wọ yàrá yẹn. Òun nìkan ló kọ gbogbo orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Chibuike sì ń tẹ dùùrù sí i. Gáìdì ni wọ́n ń pe irú ohùn bẹ́ẹ̀. Wọn kì í gbà á sílẹ̀ kí ayé lè gbọ́ ọ. Àwọn akọrin tó kù ló wà fún: wọ́n á fi hẹ́dífóònù sétí, wọ́n á máa gbọ́ ọ, wọ́n á máa tẹ̀lé e, bí ẹni tó ń tẹ̀lé àtùpà ẹlòmíràn nínú òkùnkùn. Tí ohùn gbogbo èèyàn bá ti pé, wọ́n á yọ gáìdì kúrò, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí nìyẹn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkọ̀ tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ bọ̀ láti Snake Island dojú dé lórí omi. Wọ́n rí àwọn kan yọ láàyè. Wọ́n rí òkú àwọn kan. Wọn ò rí Reuben.

Ẹ mọ bí tiwa ṣe rí. Ojú tí kò tíì rí òkú, ẹnu rẹ̀ kì í sọ pé èèyàn kú. “A ò tíì rí i” la ń sọ. Ẹni tó bá wá sílé wọn á jókòó, á wolẹ̀, á ní “a ò tíì rí i, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ń bẹ,” á sì dìde lọ. Èmi náà sọ ọ́ títí ọ̀rọ̀ náà fi di ìdọ̀tí lẹ́nu mi.

Ìyá Reuben, Màmá Harriet, ń bá wọn gbé nínú ilé kan náà. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Reuben sì ni àbíkẹ́yìn wọn. Wọn kì í ṣe obìnrin tí ń gba àlá gbọ́. Tí ẹnì kan bá ń sọ nípa ẹ̀mí àìrí, wọ́n á bi í bóyá ó ti lo oògùn ibà. Kọ̀yà, àkọ́bí wọn, ní kí ìjọ ṣe ìsìn ìrántí, kí ìyá àwọn lè sunkún kí ọkàn wọn sì fúyẹ́. Màmá wò ó láti òkè délẹ̀.

“Ta ló sọ fún ẹ pé àbúrò ẹ ti kú? Ṣé o rí i ni?”

Ìsìn ìrántí kò ṣeé ṣe láìjẹ́ pé ìyá fẹnu sí i, ilé náà sì wà bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó lè sunkún, kò sí ẹni tó lè rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rínọlá ló ní ká parí orin wa. Ó ní ohun tí Reuben fẹ́ nìyẹn. Lẹ́nì kọ̀ọ̀kan la ń wọlé sínú yàrá yẹn, lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn ń ràn níta, àmọ́ tí bùláńkẹ́ẹ̀tì sọ inú ibẹ̀ di alẹ́. Ó kàn mí. Mo fi hẹ́dífóònù sétí, ni Reuben bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nínú orí mi. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́. Ó mí, ó kọrin, ó tún mí. Ẹni tí a ń wá lójú omi ló ń sọ fún mi ibi tí mo ti máa gbé ohùn sókè. Ẹ̀rínọlá kọjú sí kọ̀ǹpútà, ó kẹ̀yìn sí mi, òun náà sì ń gbọ́ ọ. Èjìká rẹ̀ kò mì rárá.

Nǹkan kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa àwa akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. A kì í di etí méjèèjì. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé ká máa gbọ́ ẹni tó dúró tì wá, nítorí náà, bí wọ́n bá ti fi hẹ́dífóònù sí wa létí báyìí, a ó ti ṣí i kúrò ní etí kan, ká lè gbọ́ ohùn ara wa. Àwọn àgbà inú wa tí etí wọn ti ń wúwo á tún ní kí Ẹ̀rínọlá yí i sókè sí i. Ó kìlọ̀ fún wa pé ká bo etí méjèèjì. A ní a ti gbọ́. Bó bá ti kọjú sí kọ̀ǹpútà báyìí, a ó tún ṣí i.

Orin náà jáde. Òkìkí rẹ̀ kàn, àmọ́ kì í ṣe irú òkìkí tí a fẹ́. Sylvanus, tó ń tún fóònù ṣe níwájú ilé wọn, ló kọ́kọ́ pè mí. Ó ti gbé e sínú sípíkà ńlá rẹ̀.

“Madam Ṣayọ̀, abeg come hear something. No be Reuben be dis?”

“Rárá o. Reuben ò sí níbẹ̀. Wọ́n ti yọ tiẹ̀ kúrò.”

“Madam, I know Reuben voice. Listen well.”

Ó tún gbé e sí i. Ibì kan wà nínú orin kejì tí gbogbo akọrin ti dákẹ́, tí dùùrù nìkan ń dún. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Mímí kékeré yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn kan, ó jìn gan-an, bí ẹni tó ń kọrin lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Orí mi wú. Mo sọ fún Sylvanus pé kó pa á, ó sì pa á kíá, nítorí ẹ̀rù ti ń ba òun náà tipẹ́.

Kó tó di Sunday, ọ̀rọ̀ ti kárí ìjọ. Àwọn kan ní áńgẹ́lì ni. Àwọn kan ní ẹ̀mí rẹ̀ ò tíì rí ibi sinmi, ohùn wa ló wá sá sí. Ọ̀kan nínú àwọn sópíránò wa ò wá ìdánrawò mọ́. Èmi tí mo ń fi gbogbo wọn ṣe yẹ̀yẹ́, nígbà tí mo bá ń fọ abọ́ nílé, mo máa ń dúró lójijì, mo máa ń tẹ́tí. Omi ẹ̀rọ ló ń ro. Síbẹ̀, mo máa ń pa omi náà kí n lè gbọ́ dáadáa.

Màmá ò bá wọn sá. Wọ́n jókòó ti rédíò wọn, wọ́n gbọ́ orin náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n tún un gbọ́, wọ́n wá fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pe Ẹ̀rínọlá.

“Ìyá Peculiar, ìgbà wo lẹ gba orin yìí sílẹ̀?”

“Oṣù tó kọjá ni, mà.”

“Lẹ́yìn tí ọkọ̀ yẹn ti dojú dé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ó dáa. Ohùn òkú kì í wọ inú orin tuntun.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé báàgì, wọ́n lọ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Snake Island. Wọ́n mú àwòrán Reuben lọ nínú fóònù, wọ́n ń fi í han àwọn apẹja, wọ́n ń fi í han àwọn òṣìṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Wọ́n ní bóyá orí rẹ̀ ti fara gbá nǹkan, tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Wọ́n padà nírọ̀lẹ́, wọ́n tún lọ lọ́jọ́ kejì. Kò pẹ́ tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn fi wà lórí tábìlì láìjẹ́ pé wọ́n ṣí i, nítorí wọ́n ní ó ń mú kí òòyì kọ́ àwọn lójú omi. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n o. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí ara wọn.

Mo lọ bá Ẹ̀rínọlá nínú sítúdíò. Kò tíì jẹun. Ó ní kí n jókòó, ó fi ojú kọ̀ǹpútà hàn mí.

“Àǹtí Ṣayọ̀, ẹ wò ó. Ìlà tiẹ̀ nìyí. Mo ti pa á lẹ́nu mọ́ kí n tó gbé orin jáde. Kò sí níbẹ̀.”

“Kí la wá ń gbọ́?”

Ó pa ohùn gbogbo èèyàn lẹ́nu mọ́, ó fi tèmi nìkan sílẹ̀. Mo gbọ́ ara mi, ojú tì mí díẹ̀. Nígbà tí mo dánu dúró láti mí, mo gbọ́ Reuben. Ó wà nínú àlàfo tí mo fi sílẹ̀, ó ń kọ ìlà tó tẹ̀lé e ṣáájú mi. Ẹ̀rínọlá pa tèmi, ó ṣí ohùn ẹlòmíràn. Reuben wà níbẹ̀. Ó ṣí òmíràn. Ó wà níbẹ̀ náà. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí Reuben ò sí nínú rẹ̀.

“Hẹ́dífóònù yín ló jò,” Ẹ̀rínọlá wí. “Ibi tí ẹ ṣí sílẹ̀ yẹn kọjú sí máìkì. Máìkì ò mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ kó gbọ́. Ohun tó bá gbọ́ ló máa gbà.”

“Ṣé o ò lè yọ ọ́ ni?”

“Ibi tí ẹ ti dákẹ́, mo lè gé e. Ibi tí ẹ ti ń kọrin, ó ti wọnú yín, tí mo bá yọ ọ́, mo máa yọ ẹ̀yin náà.” Ó na ìka sí ìlà kan lójú kọ̀ǹpútà. “Mo gé ibì kan wò. Ó dà bíi pé mo fi ọwọ́ dí i ní imú. Mo dá a padà.”

Kọ̀yà wọlé bá wa níbẹ̀. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ẹnu ọ̀nà, òógùn sì bò ó.

“Ìyàwó wa, lọ sọ fún Màmá. Ìwọ lo mọ bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Sọ fún wọn pé ohùn ọjọ́ àtijọ́ ni, kí wọ́n yé lọ sójú omi. Wọ́n máa kú mọ́ wa lọ́wọ́.”

Ẹ̀rínọlá kúnlẹ̀. “Bọ̀dá mi, ẹ má bínú. Omi pàápàá ò tíì sọ pé ó kú. Tí mo bá sọ ọ́ fún Màámi, ẹnu tèmi ló máa pa á.”

Kọ̀yà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí lé eékún. Inú ń bí mi sí gbogbo wa, sí omi, sí etí kan tí a ṣí sílẹ̀. Tírélà kan kọjá níta, gbogbo yàrá mì, kò sì sí ẹni tó na ọwọ́ sókè.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni Màmá ṣubú ní ibùdókọ̀ ojú omi. Àwọn awakọ̀ méjì ló gbé wọn wálé, ẹsẹ̀ wọn wú, ètè wọn gbẹ. Bí wọ́n ṣe dùbúlẹ̀, wọ́n ti ń béèrè bàtà wọn fún ọ̀la. Ẹ̀rínọlá bu omi fún wọn, ó dúró tì wọ́n, ó wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń mu ún. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti dé ibi tí kò lè padà mọ́.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, tí ara bá tù yín díẹ̀ lọ́la, ẹ bá mi wọ inú yàrá iṣẹ́ mi. Mo ní nǹkan tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́.”

Ọ̀sán ọjọ́ kejì la wọ ibẹ̀, Màmá, Ẹ̀rínọlá, àti èmi, nítorí Ẹ̀rínọlá ní òun ò lè dá a ṣe. Màmá jókòó lórí àga, wọ́n gbé ọwọ́ lé itan. Ẹ̀rínọlá kúnlẹ̀ níwájú wọn.

“Màámi, ohùn tí ẹ gbọ́ nínú orin wa, Reuben ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ níbí kí ọkọ̀ yẹn tó dojú dé. Àwọn akọrin fi í sétí, ó sì jò wọ inú máìkì. Kì í ṣe pé ó wá kọ ọ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn.”

“Irọ́ lò ń pa. Ẹ fẹ́ kí n jókòó sílé ni.”

“Mi ò jẹ́ parọ́ fún yín, mà.”

“Jẹ́ kí n gbọ́ ọ.”

Ẹ̀rínọlá ò fún wọn ní hẹ́dífóònù. Ó ṣí sípíkà, ó wá ìlà Reuben, ó pa gbogbo ìyókù lẹ́nu mọ́, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Reuben wọ inú yàrá. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò jìn mọ́, kò sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn mọ́. Ó wúkọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Chibuike, no rush am, e never reach,” ó mí, ó bẹ̀rẹ̀ orin. Màmá sún àga wọn síwájú. Ojú wọn tàn. Wọ́n na ìka sí sípíkà, wọ́n wo ojú mi, bí ẹni tó ń sọ pé, ṣé ẹ̀yin náà gbọ́?

Wọ́n wá pè é.

“Àjàgbé.”

Oríkì rẹ̀ ni. Gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé tí ìyá rẹ̀ bá pè é bẹ́ẹ̀, ibi yòówù kí Reuben wà, á dáhùn. Mo ti rí i tó fi orin sílẹ̀ láàárín ìdánrawò, tó ké “Màá!” sí ìta, tí gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, nítorí ìyá rẹ̀ pè é lẹ́nu géètì.

“Àjàgbé o!”

Mo mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni. Mo mọ̀ pé ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni. Síbẹ̀, ẹ̀rù tó ń bà mí kì í ṣe pé kò ní dáhùn. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè dáhùn. Ẹ̀rínọlá na ọwọ́ láti pa á, Màmá gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì dìde dúró.

“Àjàgbé! Ọmọ mi, èmi ni mò ń pè ẹ́!”

Reuben mí sínú. Gbogbo wa dúró de ohun tó máa sọ. Ó bọ́ sí ẹsẹ kẹta orin náà, ó sì ń kọ ọ́ lọ.

Màmá dúró títí orin fi parí, títí dùùrù fi dákẹ́, títí kò fi sí nǹkan kan mọ́ nínú sípíkà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó. Wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n ká a sórí itan.

“Ó gbọ́ ìpè mi, ó ń kọrin lọ,” ni wọ́n wí. “Reuben tèmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láyé ẹ̀.”

Wọ́n gbé ojú sókè wo Ẹ̀rínọlá tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ yẹn ti dojú dé, gbogbo wa ń wọ ilé náà, a ń jáde, kò sí ẹni tó láyà láti kí i bó ṣe yẹ ká kí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló na ọwọ́ méjèèjì sí i.

“Ẹ̀rínọlá,” ni wọ́n wí, “o kú ọ̀fọ̀, ọmọ mi.”